Ìkarahun tí Àwẹ̀ró Fi Pa Ààlè

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, Ológìnní kì í bo ìgbẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá wù ú ló ń yà á sí, ní gbangba, lójú oòrùn. Bó bá ṣe tán, yóò gbé ìrù sókè, yóò sì máa lọ láìwẹ̀yìn wò. Kì í kó ọmọ kiri nígbà náà. Ibi tó bá bímọ sí náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń dàgbà sí. Ẹ má wo bó ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn lóde òní. Láyé ọjọ́un, bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ilẹ̀ nìkan ló kù kó dìde kí i.

Ilé opó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ni Ológìnní yìí ń gbé. Àwẹ̀ró ti sin ọkọ, ó sì ti sin ọmọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọmọ-ọwọ́ sílẹ̀ fún un. Dúrójayé ni Àwẹ̀ró sọ ọmọ náà, nítorí pé ohun tó ń tọrọ nìyẹn. Kò tún sí ẹlòmíràn nínú ilé náà mọ́, àfi Ológìnní àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sí abẹ́ àká àgbàdo.

Àwẹ̀ró kò lágbára oko mọ́. Ọgbà kékeré kan tó dá sí ẹ̀yìnkùlé ló ń bọ́ òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, ó gbin gbúre, ó gbin ilá àti ata. Omi tó bá fi wẹ ọmọ, inú ọgbà ló ń dà á sí. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ mú tí ilẹ̀ gbogbo gan, ilẹ̀ ọgbà yìí a máa rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Ilẹ̀ rírọ̀ yìí ni Ológìnní rí. Ààtàn wà ní ìkangun àdúgbò, níbi tí gbogbo ẹranko ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ẹ̀gún sì pọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò fi ẹ̀gún gún ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ rírọ̀ wà ní ìtòsí? Ọgbà Àwẹ̀ró di ilé ìgbẹ́ Ológìnní.

Àwẹ̀ró a na ọwọ́ sí ìdí tẹ̀tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a kan ohun tí kò yẹ kó kàn. A kó o dànù, a fọ ọwọ́, a fọ ẹ̀fọ́ ní àfọtúnfọ, kò ní í sọ̀rọ̀. Nígbà tó sú u, ó gbọ́n eérú sórí gbogbo ebè, ó rò pé eérú yóò lé ẹni tó ń ṣe é. Àwẹ̀ró yìí náà ṣe bẹbẹ. Bí òtútù bá mú, níbo ni ológìnní ń lọ sùn? Ṣé kì í ṣe inú eérú ìdí ààrò ni? Ńṣe ló tẹ́ ẹní fún wọn. Kí ó tó mọ̀, àwọn ológìnní àdúgbò ti ń bá ti ilé rẹ̀ wá síbẹ̀.

Ó wá pe Ológìnní jókòó lọ́jọ́ kan.

“Mi ò bá ọ jà,” ó ní. “Ẹ̀fọ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ yìí ni ò ń yàgbẹ́ sí. Dúrójayé ti ń rákò báyìí. Ohun tó bá rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kì í bọ̀. Jọ̀wọ́, máa lọ sí ààtàn.”

Bí ẹ̀kọ́ ilé bá wà lára Ológìnní, “ẹ má bínú” ni ì bá fi dáhùn. Ó na ara, ó lá èékánná rẹ̀. Kò tilẹ̀ fi ẹ̀yin bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

“Ta ní ń pa eku tí kì í jẹ́ kí wọ́n ba àgbàdo rẹ jẹ́?” ó ní. “Ológìnní ò sí nílé, ilé dilé èkúté. Lọ́jọ́ tí o bá rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá ọ pa eku, kí o wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbẹ́.”

Àwẹ̀ró gbé Dúrójayé nílẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó wọlé lọ.

Dúrójayé ní ohun ìṣeré kan tó fẹ́ràn ju gbogbo nǹkan lọ. Ìkarahun ìgbín ni, èyí tó funfun ní etí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni Àwẹ̀ró ti ń fi ìkarahun yìí bu omi sí i lẹ́nu. Bó ti wá lè jókòó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń já ilá, ọmọ jókòó sí ìdí ebè, ó ń fi ìkarahun wa ilẹ̀. Ó bu ohun tó wà nílẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Kí ìyá àgbà tó sáré dé ibẹ̀, ó ti gbé e mì.

Ara ọmọ gbóná. Inú rẹ̀ wú. Àwẹ̀ró se àgbo, ìkarahun yẹn kan náà ló sì fi ń bu ú fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ. Ọmọ a gbé e mì, a sì tún bì í. Nígbà tó ṣe, kò bì í mọ́, nítorí pé kò lè gbé e mì mọ́.

Orí ògiri ni Ológìnní wà nígbà tí igbe Àwẹ̀ró sọ. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn ún. Ó fẹ́ lọ bá obìnrin náà, kó kúnlẹ̀, kó ní òun lòun fà á. Ojú tì í, kò lọ. Ó fò sílẹ̀, ó wọ abẹ́ àká lọ, ó ká ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn yẹn sì ń mu ọmú tiwọn.

Nígbà tí wọ́n sin ọmọ tán, Àwẹ̀ró mú ìkarahun náà, ó fi okùn so ó mọ́ orí igi, ó ri igi náà mọ́ àárín ọgbà. Ààlè ló pa.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ ààlè. Ohun tí olóko ń so mọ́ oko rẹ̀ ni, kí olè àti ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ má bàa débẹ̀. Ó lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ògbólógbòó ìgbálẹ̀ tàbí ṣùkù àgbàdo. Ohun tí a bá fi pa á ni ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́. Bí ohun náà ti rí ni yóò rí fún ẹni tó bá rú òfin rẹ̀, nítorí náà ni kì í fi í ṣe nǹkan àfiṣeré.

“Bí ìkarahun yìí ti ṣófo,” Àwẹ̀ró wí, “tí ilé mi náà ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni kí àyè ẹni tí mo bá tún rí ìgbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí ṣófo nínú ilé rẹ̀.”

Ààlè ní òfin kan. Ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀, nítorí pé ààlè kò mọ ọmọdé. Àwẹ̀ró lọ sí ojúlé dé ojúlé. Ó sọ fún ewúrẹ́, ó sọ fún adìyẹ, ó sọ fún ajá, ó sọ fún àwọn ológìnní àdúgbò. Abẹ́ àká ilé tirẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Kò wo ojú Ológìnní.

“Mo ti pa ààlè,” ó ní. “Ìwọ ti gbọ́. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ.”

Lójú ẹsẹ̀ ni Ajá ti kó àwọn ọmọ tirẹ̀ jọ, ó fi ìkarahun hàn wọ́n, ó ní ẹni tó bá dé ibẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gé e jẹ kí ààlè tó dé. Bí Ajá ti rí nìyẹn, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ológìnní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ má dé ọgbà, wọn yóò bi í pé kí ló dé. Bó bá sọ ohun tó dé, wọn yóò mọ̀ pé ìyá àwọn ló mú kí ilé Àwẹ̀ró ṣófo. Ó wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń wò ó bí ẹni tí kò lè ṣe àṣìṣe láéláé. Ó ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la dé, ó ní ó di ọ̀túnla. Ajá bá a lẹ́nu ọ̀nà ààtàn, ó bi í bóyá ó ti sọ ọ́.

“Wọn ò tíì lè gun ògiri,” Ológìnní dáhùn. “Kí wọ́n tó lè dé ọgbà, òjò á ti rọ̀, ọ̀rọ̀ á ti tán nílẹ̀.”

“Ìtìjú ọjọ́ kan ni,” Ajá wí. “Lọ sọ ọ́.”

Kò sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ dé ọgbà mọ́, ọ̀nà ààtàn ló ń tọ̀, ẹ̀gún ń gún un, kò ráhùn. Ó rò pé bí òun bá ti pa òfin mọ́, ó tó. Ṣùgbọ́n ààtàn jìn, bó bá lọ, kì í tètè dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, oòrùn ti gòkè, ìyá wọn ti lọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà rí ihò kan lábẹ́ ògiri. Wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n bọ́ sínú ọgbà. Imú wọn gbọ́ òórùn ìyá wọn nínú ilẹ̀ níbẹ̀, òórùn àtijọ́ tí omi ìwẹ̀ kò fọ tán. Inú wọn dùn. Ibi tí ìyá ẹni ti ṣe é kò ha dára fún ọmọ bí? Wọ́n yàgbẹ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì gbé ìrù wọn sókè gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ohun funfun kan tó ń fì nínú afẹ́fẹ́ lórí igi. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìró ìkarahun ni Àwẹ̀ró gbọ́ nínú ilé. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Dúrójayé ni. Ó sáré jáde. Ọmọ Ológìnní ló rí, ó sì rí ìgbẹ́ àkọ́bí àti ti èyí tó tẹ̀ lé e lórí ebè. Kó tó lè la ẹnu lé wọn, àṣá ti já wá láti òkè, ó gbé àkọ́bí lọ. Àwẹ̀ró ń sọ òkúta sókè, ó ń ké, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àṣá títí tó fi rá mọ́ ojú ọ̀run.

Ìgbà tí Ológìnní ti ààtàn dé, ọmọ méjì ló bá. Kó tó lá wọn tán, inú ọmọ kejì ti ń wú, bí inú Dúrójayé ti wú gẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé àṣá ni àṣá, inú wíwú ni inú wíwú, ààlè kò mọ̀ sí i. Ẹ máa bá wọn wí i. Àbíkẹ́yìn nìkan ni nǹkan kò tíì ṣe, ìdí ògiri ló wà tó ń gbọ̀n.

Ológìnní wọ inú ilé lọ. Ó wólẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró, ó gbé orí lé ilẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá mi,” ó ní, “èmi ni. Èmi ni mo yàgbẹ́ sí ibi tí ọmọ yín ti bu ú jẹ. Ẹ ní kí n sọ fún àwọn ọmọ mi, n kò sọ fún wọn. Ojú ń tì mí. Ẹ gba èmi, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró ti ń retí láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú nìyẹn. Ó ti rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, ọkàn òun yóò balẹ̀. Kò balẹ̀. Ńṣe ló bú sẹ́kún.

“Ìwọ ni mo bá wí,” ó ní. “Mi ò bá àwọn ọmọ rẹ wí. Mo sọ òkò sọ́jà, ó bá ará ilé mi.”

Ó dìde, ó lọ sí ọgbà, ó tú ìkarahun kúrò lórí igi. Ó sọ fún Ológìnní pé okùn ni òun lè tú, òun kò lè tú ọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ronú díẹ̀, ó gbé ojú kúrò lórí ilẹ̀.

“Ẹni tí mo bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo wí,” ó ní. “Mo rí ti méjì. Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn, àṣá ni mo ń wò. Ojú mi kò tíì kan tirẹ̀. Màá kọjú sí ògiri. Bí mo bá yíjú padà tí n kò rí tirẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹnu mi kò ní í mú un.”

Ó kọjú sí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú.

Ológìnní kò gbẹ́lẹ̀ rí láyé rẹ̀. Pípa eku ló mọ̀. Ó sáré dé orí ebè, ó gbóòórùn ilẹ̀ títí ó fi rí èyí tó jẹ́ ti àbíkẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀, ó tì í sínú ihò, ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn ṣì ń yọ. Ó tún wa iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò bóyá Àwẹ̀ró ti yíjú padà. Ó tún gbóòórùn, ó tún wa iyẹ̀pẹ̀. Èékánná tó ń lá lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ ya níbi tó ti ń wa ilẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde.

Bó ti ń wa ilẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ kejì lábẹ́ àká. Ọmọ náà ń pè é. Bó bá lọ dá a lóhùn, Àwẹ̀ró lè yíjú padà. Kò lọ. Nígbà tó bò ó tán, tí òórùn kò yọ mọ́, kò gbọ́ ohùn ọmọ náà mọ́.

Àwẹ̀ró yíjú padà. Níbi tí ti àbíkẹ́yìn wà, ilẹ̀ ló rí, ilẹ̀ lásán tó tẹ́jú.

“Mi ò rí tirẹ̀,” ó ní.

Ó bá Ológìnní gbé òkú ọmọ kejì jáde. Ó wa ilẹ̀ sí ìdí ilá, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó fi ìkarahun Dúrójayé tì í. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ológìnní gbé àbíkẹ́yìn kúrò nílé òun. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ó ní bí òun bá ń rí i lójoojúmọ́ tó ń ṣeré níbi tí Dúrójayé ti máa ń ṣeré, òun kò mọ ọ̀rọ̀ tó tún lè bọ́ lẹ́nu òun.

Ológìnní fi eyín gbé ọmọ rẹ̀ ní ọrùn, ó lọ. Ó tẹ́ ẹ sí ilé kan, ẹ̀rù bà á pé ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró lè wá a débẹ̀. Ó tún gbé e lọ sí ilé mìíràn. Ọmọ náà yè, ó dàgbà, òun náà sì bímọ. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò pa ààlè mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún ló ń gé, tó ń tẹ́ sórí ebè. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò fi so ìkarahun mọ́, a ní ẹsẹ̀ ni ẹ̀gún ń gún, kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń tẹ́ ẹ̀gún sórí ebè nítorí ológìnní. Láti ọjọ́ náà ni ológìnní kì í ti í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pẹ́ níbì kan, ẹnu ló fi ń gbé e láti ilé dé ilé. Láti ọjọ́ náà náà ni kì í ti í yàgbẹ́ kó fi í sílẹ̀ ní gbangba mọ́. Yóò wa ilẹ̀, yóò bò ó, yóò bojú wẹ̀yìn wò. Àwọn èèyàn a ní ó mọ́ tónítóní. Kì í ṣe ìmọ́tótó. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé kó tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ rárá, ó kọ́kọ́ ń fi imú rẹ̀ kàn án, ó ń gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó ń wò ó bóyá ibẹ̀ ni ọmọ tó ń pè é lọ́jọ́ náà wà.